Ohun Tó Gbẹ Ló Ń Tọ́jọ́: Ìtàn Ìpamọ́ Èlò Ọbẹ̀ Láàárín Wa

Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé, ogun, oyè àti ìwé àdéhùn ló gba ibi tó pọ̀ jù. A mọ ọba tó jẹ tẹ̀ lé ọba, a mọ balógun tó ṣẹ́gun, a sì mọ ọdún tí òyìnbó dé. Ṣùgbọ́n kí balógun tó gbé idà, ó ti jẹun. Kí ọba tó jókòó lórí ìtẹ́, ẹnì kan ti se ọbẹ̀ fún un. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí kò le, àmọ́ mi ò tíì bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò kankan: nígbà tí òjò bá dá, tí ewé rọ, tí ilẹ̀ sán, kí ni àwọn baba ńlá wa fi ń jẹ òkèlè?

Èrò mi ni pé ìdáhùn ìbéèrè yìí kọjá ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ohun tó gbẹ ló ń tọ́jọ́, ohun tó ń tọ́jọ́ ló sì ń rin ìrìn-àjò. Èlò ọbẹ̀ gbígbẹ wà lára ohun tó fa òyìnbó wá sí agbègbè wa. Ọgbọ́n bí a ṣe ń sè é ti bá àwọn èèyàn wa sọdá òkun, ó sì tún ń bá wọn lọ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àsìkò ń ṣe fún ewé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òtútù ni ọ̀tá. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, omi inú ewé lè di yìnyín. Ewé tí kò bá lágbára á dúdú, á sì kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá wa. Láàárín oṣù kan náà yẹn, òjò á dá, ọyẹ́ á fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè á máa bó, ewébẹ̀ oko á sì gbẹ lórí ìdúró. Ọ̀tá méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n gbé síwájú ìyá ilé: oṣù bíi mẹ́rin sí márùn-ún wà tí ìkòkò gbọ́dọ̀ hó, tí oko kò sì ní nǹkan púpọ̀ láti fún un.

Àwọn òyìnbó wá ojútùú sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 800, wọ́n ṣe òfin kan fún àwọn oko ọba Charlemagne, tó ń jọba lórí ibi tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Faransé àti Jámánì òde òní. Ní ìparí òfin náà, wọ́n ka orúkọ ewéko tó lé ní 70 tí ọba fẹ́ kó wà nínú ọgbà. Sage, rosemary, mint àti parsley wà lára wọn. Sage àti rosemary lè fara da òtútù díẹ̀. Ewé mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n so ó rọ̀ kó gbẹ, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ tàbí ọtí kíkan, kó tó lè dé ìgbà ooru.

Tiwa kò sí nínú òfin ọba kankan. Orí àwọn ìyá wa ló wà. Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, mo lọ bá ìyá mi àgbà ní abúlé wọn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Mo mú ìwé àti bírò dání, mo sì ń bi wọ́n léèrè bí akọ̀ròyìn. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, “Àjọkẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ ilá náà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé báyìí?” Mo ní, “Ẹ ṣáà máa sọ ọ́, Ìyá, èmi á máa kọ ọ́.” Ohun tí wọ́n sọ fún mi, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín in sí.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí gbòǹgbò má kú. Ewúro kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé igi ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń lọ jìnnà nínú ilẹ̀. Efinrin náà lè lo ọdún púpọ̀ bí ó bá ń rí omi. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí efinrin lẹ́yìn balùwẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agboolé. Omi tí a fi wẹ̀ ló ń mu, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé korobá lọ bomi rin ín. Àwọn tó bá sì ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò á dá oko àkùrọ̀. Ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ti ń rú nígbà tí oko òkè ti gbẹ di pápá.

Ọ̀nà kejì ni sísá. Ilá ló gbajúmọ̀ jù níbí. Ilá ìkẹyìn òjò ni wọ́n ń ká, kó tó kó. Wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a sórí ẹní tàbí orí àpáta, wọ́n á sì máa yí i. Bí ó bá gbẹ débi pé ó ń dún ṣakaṣaka lọ́wọ́, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, ó di orúnlá. Ewédú kò fẹ́ oòrùn tó le. Ibòòji ni wọ́n ń sá a sí kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí. Ata ṣọ̀mbọ̀ ní tirẹ̀ á wà nínú oòrùn títí yóò fi rún wómúwómú. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á wọ inú akèrègbè tó ní ìdérí, wọ́n á gbé e sí àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ eérú.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Omi ni èébu àti àwọn kòkòrò àìfojúrí nílò kí wọ́n tó lè ba oúnjẹ jẹ́. Ẹni tó bá mú omi kúrò nínú ewé ti mú ìdí ìbàjẹ́ kúrò. Ọyẹ́ tó ń pa ewé lóko, òun náà ni àwọn ìyá wa fi ń mú ewé gbẹ nílé. Wọ́n sọ ọ̀tá di òṣìṣẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti irú. Inú èso igi igbá ni irú ti ń wá, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì ni èso náà ń gbó, nígbà tí ohun púpọ̀ kò sí lóko. Wọ́n á se hóró rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Bí wọ́n bá fi iyọ̀ sí i tàbí tí wọ́n sá a, yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́. Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó wá odò Ọya kàn, rí igi yìí nínú ìrìn-àjò rẹ̀, ó sì sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó kọ. Ní ọdún 1826, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Robert Brown fi orúkọ Park sọ ẹ̀yà igi náà ní Parkia. Orúkọ àlejò tó kọjá lábẹ́ igi wọ inú ìwé. Orúkọ àwọn obìnrin tó ń fi èso rẹ̀ ṣe irú kò wọ ọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé èlò ọbẹ̀ gbígbẹ kúrò nílé lọ sí etíkun. Kí ata tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyèré, atare àti èèrù ni àwọn èèyàn agbègbè yìí ní tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé sá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1486, João Afonso d’Aveiro, ọmọ ilẹ̀ Potogí, dé Ìbíní, ìlú aládùúgbò wa, ó sì mú ìyèré láti ibẹ̀ lọ fún ọba rẹ̀. Ata ilẹ̀ Íńdíà wọ́n gógó ní Yúróòpù nígbà náà, nítorí náà òwò ìyèré bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1498, àwọn Potogí rí ọ̀nà orí òkun lọ sí Íńdíà. Ọba wọn kò fẹ́ kí ìyèré wa bá ata Íńdíà du ọjà mọ́, ó sì fòfin dè é ní 1506. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́ òórùn ọjà yìí. Ní 1553, Thomas Wyndham kó ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìbíní láti wá ra á. Wọ́n rí ẹrù kó, ṣùgbọ́n àìsàn pa Wyndham fúnra rẹ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ewé tútù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ká ní ìyèré kì í gbẹ ni, kò bá má la ọ̀pọ̀ oṣù lórí òkun já, oníṣòwò kankan kì bá sì ti fi ẹ̀mí wéwu nítorí rẹ̀.

Òkun tó gbé ìyèré lọ ló gbé ata wá. Rodo, ṣọ̀mbọ̀ àti tàtàṣé tí a rò pé wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí Columbus dé ibẹ̀ ní 1492 ni ata bẹ̀rẹ̀ sí í kárí ayé, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun Áfíríkà. Ó rọrùn láti gbìn, ó sì rọrùn láti sá. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó gba ipò lọ́wọ́ ìyèré. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi kò mọ ìyèré sí nǹkan mìíràn ju ohun tí wọ́n ń kó sínú àgbo lọ.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ogun wá gba ilẹ̀ wa kan. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá sí ìhà gúúsù. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ìwé ìtàn sọ fún wa nípa ìbọn tó ń dún nínú ogun náà. Ohun tí èmi ń rò ni pé ọdún 16 túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn 16. Ẹni tó ń sá fún ogun kò lè ru oko lé orí, ẹni tó wà ní ibùdó ogun kò sì lè ní kí ebi dúró de òjò. Ohun tí èèyàn lè dì sẹ́rù ni orúnlá, irú tí a ti sá, àti irúgbìn tí a fi eérú pò. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí rí ibi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn nínú ìtàn ogun wa.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ogun lé kúrò nílé ló dé ìhà gúúsù ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tà sí Brazil àti Cuba. Ọdún 1850 ni Brazil tó ṣe òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú ní tòótọ́, ẹrú síṣe fúnra rẹ̀ kò sì parí níbẹ̀ títí di 1888. Ní ìpínlẹ̀ Bahia lónìí, oúnjẹ tí àwọn olórìṣà ń gbé fún Ṣàngó ń jẹ́ amalá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmàlà tí àwa ń fi ọwọ́ bù. Ilá ni wọ́n ń sè, pẹ̀lú epo pupa àti edé gbígbẹ. Wọ́n ní ọbẹ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní efó, òun náà gba epo pupa àti edé gbígbẹ. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ẹ̀fọ́ ni!

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ara mi bù máṣọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò di ẹrù. Kì í ṣe gbogbo ewé ilé ni wọ́n bá níbẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ewé tí wọ́n rí rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kò sọnù, bí a ṣe ń sè é kò sì parẹ́. Èyí jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun kan wà tó ń pa nǹkan mọ́ ju akèrègbè lọ: orí ẹni tí a ti kọ́.

Ìrìn-àjò náà ń lọ lọ́wọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n ní àsìkò tiwa, tìfẹ́tìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń lọ. Àbúrò ìyá mi obìnrin ń gbé ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbin efinrin sínú ìkòkò òdòdó nígbà ooru, ó sì rú dáadáa. Kí òtútù tó mú, wọ́n gé orí ẹ̀ka díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n kì í bọ inú ife omi títí gbòǹgbò fi yọ, wọ́n wá gbìn ín sínú agolo, wọ́n sì gbé e sójú fèrèsé nínú ilé. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé ó ń yè é, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rú. Mo wádìí ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ojú ọjọ́ kì í mọ́ tó wákàtí 8 ní Manchester, tiwa ń lọ sí bíi wákàtí 11 àti ààbọ̀. Basil tí àwọn òyìnbó ń fi sí ọbẹ̀, ìbátan efinrin ni, òtútù kan náà ló sì ń pa á. Ní ti ewédú àti ilá, gbígbẹ ni àǹtí mi ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbẹ̀. Ohun tí a ṣe nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá wọn la òtútù já.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣebí fíríìjì wà, kí la tún fẹ́ fi orúnlá ṣe?” Ìbéèrè gidi ni. Oúnjẹ dídì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Labrador, ní apá àríwá Amẹ́ríkà, láàárín 1912 sí 1915, Clarence Birdseye rí bí àwọn Inuit ṣe ń jẹ́ kí ẹja dì kíákíá nínú òtútù líle, ó sì rí i pé adùn ẹja náà kì í lọ. Ní 1930, oúnjẹ tí wọ́n dì ní irú ọ̀nà yẹn dé orí àtẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ ni òun náà ti kọ́ ọ. Ọgbọ́n ìbílẹ̀ àwọn kan ló di ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n fíríìjì ń jẹ iná. Ìyá mi ń ta èlò ọbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún méjì sẹ́yìn, iná lọ ní àdúgbò wa fún ọjọ́ 6 gbáko, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n fẹ́ máa tà díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ la gbé lọ dà sí ààtàn. Owó tí wọ́n ń retí lórí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kún owó ìdánwò àṣekágbá ẹ̀gbọ́n mi. Àpò orúnlá kan àti àpò ata gbígbẹ kan tí Ìyá àgbà fi ránṣẹ́ wà ní igun ṣọ́ọ̀bù kan náà. Wọn kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn la tà. Àwọn la fi pé owó ìdánwò náà, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó ṣe é pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò lè gbà pé iṣẹ́ òtòṣì ni sísá èlò ọbẹ̀, tàbí pé ayé ti kọjá rẹ̀. Fíríìjì dára, mi ò ní ká gbé e sọnù. Kúùbù tí Julius Maggi gbé jáde ní Switzerland ní 1908 wà ní ilé ìdáná wa náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ní ọ̀nà méjì kì í há sọ́nà kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kejì ti ń dí. Ní agboolé Ìyá àgbà, obìnrin mẹ́ta péré ló ṣì ń ṣe irú, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti lé ní 70 ọdún. Bí wọ́n bá lọ, kò sí òfin ọba kankan tí a ó ṣí láti wo ohun tí wọ́n mọ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, mo bá Ìyá àgbà sá ilá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ohun tí mi ò lè rí nínú ìwé. Wọ́n ní kí n máa kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀, nítorí ìrì alẹ́ kan lè ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Wọ́n ní ilá tí a bá rẹ́ nípọn á gbẹ lẹ́yìn, á sì bu nínú. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí mọ èyí tó ti gbẹ, nítorí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ìwé náà ti di ojú ewé 23 báyìí.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí wà lára iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀kọ́ ìtàn. Mo bẹ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọmọ yín bá fẹ́ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nídìí ààrò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, oṣù kẹwàá ni a ó ká ilá ìkẹyìn òjò. Ẹ wá àgbàlagbà kan, ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ sì bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí lẹ fi ń jẹ òkèlè ní ẹ̀ẹ̀rùn?”